Ta Ló Tà Wọ́n? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìrìnàjò Afẹ́, Ìtàn Ẹrú àti Àwa Ará Èkìtì

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí olùkọ́ ìtàn kan tó ti fẹ̀yìntì sọ níwájú àwọn ọmọ ìlú ní Adó-Èkìtì. Bó ṣe sọ ọ́ la kọ ọ́.

Ẹ kú ìjókòó o, Èkìtì kete! Mo ní Èkìtì kete! Ẹ ṣeun. Ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ. Ẹ̀yin kábíyèsí tó wà níkàlẹ̀, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi tí a jọ fa eruku ṣọ́ọ̀kì símú títí a fi fẹ̀yìntì, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn torí àga ò kárí, ẹ kú ìdúró. Wọ́n ti sọ fún mi pé kí n má pẹ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé tíṣà ìtàn lẹ gbé máíkì fún, ẹ̀yin lẹ wá a.

Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí Èkìtì ṣe lè fi ìtàn òwò ẹrú kún ohun tí àwọn èèyàn ń wá wò lọ́dọ̀ wa. A ti ní Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, a ní Arinta tó ń já láti orí òkè ní Ìpólé-Ìlórò, a ní òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Àwọn kan wá ń sọ pé ó ku nǹkan kan, pé Àgbádárìgì ń fi ìtàn ẹrú pawó, Gánà ń fi pawó, kí ló dé tí tiwa fi wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tiẹ̀ sọ fún mi pé, "Bàbá, àwọn dúdú Amẹ́ríkà ní dọ́là, wọ́n sì ń wá ibi tí wọ́n á ti sunkún, ẹ jẹ́ ká wá ibẹ̀ fún wọn." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Mi ò wá sọ pé ká má ṣe é o. Ká ṣe é. Ohun tí mo wá sọ ni pé ìbéèrè kan wà tí ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá máa bi wá, ó lè má bi wá lọ́jọ́ tó dé, ó lè jẹ́ lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn tó bá ti jẹ iyán wa tán tó ti fara balẹ̀: ta ló tà wọ́n? Tí a ò bá ní ìdáhùn sí ìyẹn lẹ́nu, ká má tíì gbé pátákó kankan kalẹ̀.

Ká kọ́kọ́ dé etí òkun

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, a kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí Àgbádárìgì. Ẹni tó bá ti débẹ̀ á mọ̀. Wọ́n á mú ẹ dé ọjà Vlekete níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrú, wọ́n á mú ẹ dé ilé àwọn Mobee níbi tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà, lẹ́yìn náà lo máa wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn nínú iyanrìn níbẹ̀, oòrùn á máa pa ẹ́, wàá dé ìdí kànga kan tí wọ́n ní wọ́n ń fún àwọn ẹrú lómi ẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, tó o bá tún rìn síwájú, òkun ni. Àwọn ọmọ wa tó ti ń pariwo bọ̀ látinú bọ́ọ̀sì, nígbà tí wọ́n rí òkun yẹn, wọ́n dákẹ́ lọ fee.

Ṣùgbọ́n ibi tó dá mi dúró jù níbẹ̀ kì í ṣe etí òkun, ilé Sẹ̀ríkí Abass ni. Ẹ jẹ́ n sọ ti ọkùnrin yẹn díẹ̀. Fárẹ̀mí ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i, ọmọ Ìjóga-Orílé ni, ní ìpínlẹ̀ Ògùn tòní. Wọ́n mú un lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n gbé e dé Brazil, ó gbọ́ èdè òyìnbó oríṣiríṣi níbẹ̀. Nígbà tó padà wálé, iṣẹ́ wo lẹ rò pé ó ṣe? Òwò ẹrú! Ẹni tí wọ́n tà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ó lówó, ó lágbára, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe olórí agbègbè yẹn, 1919 ló kú, inú ọgbà ilé yẹn ni wọ́n sin ín sí, inú ọgbà kan náà ni àwọn yàrá kótópó tí wọ́n ń kó èèyàn sí kí ọkọ̀ tó dé wà.

Ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi bi mí pé, "Sà, ṣé èèyàn burúkú ni àbí èèyàn dáadáa?" Kí ni kí n sọ? Mo ní kó kọ ìbéèrè yẹn sínú ìwé ẹ̀, ká jọ máa rò ó. Ó ti di abiyamọ báyìí, tí a bá pàdé lọ́jà Ọba ó ṣì máa ń bi mí. Nǹkan tí mo fẹ́ràn nípa Àgbádárìgì nìyẹn, wọn ò fi Sẹ̀ríkí pamọ́. Wọn ò sọ pé òyìnbó nìkan ló ṣe é. Orúkọ ẹ̀ wà lára ilé, o fẹ́ o kọ̀ wàá kà á.

Mo ti dé ibòmíì, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, tó jẹ́ pé gáìdì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka àkọ́sórí, òyìnbó ṣe báyìí, òyìnbó ṣe tọ̀hún. Ìyá àgbà kan wà láàárín wa, dúdú Amẹ́ríkà, ó ní, "Ti òyìnbó yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n láti ilé, àárín wọn ni mò ń gbé. Ta ló mú àwọn èèyàn mi dé ọ̀dọ̀ òyìnbó?" Gáìdì yìí wolẹ̀, ó wòkè, ó ní ká máa bọ̀ ká lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ta ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ gbà mí o! Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ká ya Gánà. Ilé olódi Elmina, àwọn Potogí ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1482, wúrà ni wọ́n bá wá kí wọ́n tó kọjú sí èèyàn. Ilé olódi Cape Coast ò jìnnà síbẹ̀. Ilé ńlá funfun báláú, ó kọjú sí òkun, tó o bá rí i lókèèrè wàá rò pé hòtẹ́ẹ̀lì ni. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni àjàalẹ̀ tí wọ́n ń há àwọn ọkùnrin mọ́ wà, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ibẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ mọ ohun tó wà lórí àjàalẹ̀ yẹn gan-an? Ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n ń kọrin ìyìn lókè, èèyàn ń kú nísàlẹ̀. Nígbà tí Obama débẹ̀ ní 2009 pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn wà lára ohun tó mẹ́nu bà.

Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n tún ilé yẹn ṣe, wọ́n kùn ún, ìjà ńlá dé. Àwọn dúdú Amẹ́ríkà tó ti kó wá gbé Gánà ní kí ni wọ́n ń kùn lọ́dà, pé ẹ̀jẹ̀ àwọn bàbá àwọn ni wọ́n ń fi ọ̀dà bò, pé kò yẹ kí wọ́n ta oúnjẹ níbi tí ebi ti pa èèyàn kú. Àwọn ará Gánà ní ẹ jọ̀ọ́, ìlú wa nìyí, ilé yìí ti ṣe ọ́fíìsì ìjọba rí, tí a ò bá tún un ṣe á wó, àwọn ọmọ wa náà fẹ́ ríṣẹ́ ṣe. Ta ló jàre? Olóòkú àti onílẹ̀ ni wọ́n ń jà yẹn, kò rọrùn láti dá ẹjọ́ ẹ̀. Tèmi ni pé onílẹ̀ lè pa owó, ṣùgbọ́n olóòkú ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi.

Gánà sì ṣe nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn tó wú mi lórí gan-an. Ní 1998 wọ́n gbé egungun ẹni méjì wá, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà, Samuel Carson, ìkejì obìnrin láti Jàmáíkà tí wọ́n ń pè ní Crystal, wọ́n gbé wọn gba ẹnu ọ̀nà Cape Coast tí wọ́n ń gbà kó ẹrú jáde sínú òkun, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ń wọlé bọ̀. Assin Manso ni wọ́n sin wọ́n sí, ní ìtòsí odò tí àwọn ẹrú ti máa ń wẹ̀ kẹ́yìn kí wọ́n tó kó wọn dé etíkun. Ìsìnkú ni ìyẹn, olóòkú rí òkú ẹ̀ sin. Ìgbà tí Gánà wá pe gbogbo ayé ní 2019 pé ọdún ìpadàbọ̀ nìyí, tí bàálù ń balẹ̀ lé bàálù, wọ́n ti fi ilẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ tipẹ́.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ ká kọ́ lára àwọn ẹlòmíì o. Àsọdùn ni. Erékùṣù Gorée wà ní Sẹ̀nẹ̀gà, ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ilé Ẹrú. Boubacar Joseph Ndiaye ló ń tọ́jú ilé yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu ẹ̀ dùn, á ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ló gba ẹnu ọ̀nà ilé yẹn lọ. Mandela débẹ̀, Póòpù John Paul Kejì débẹ̀ ní 1992. Àwọn onímọ̀ ìtàn bíi Philip Curtin wá ní rárá o, àwọn ẹrú tó gba Gorée lọ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó gba èbúté bíi Ouidah àti Èkó. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, ẹnu sì wọ ìtàn tó jẹ́ òótọ́. Kí ló fa ìyẹn? Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ní mílíọ̀nù 12 àti àbọ̀ ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ sọdá Àtìláńtíìkì, àwọn tó gúnlẹ̀ láàyè jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ wo iye tó bá òkun lọ. Ọ̀rọ̀ tó tóbi tó báyìí, ta ló tún ń bu iyọ̀ sí i?

Ouidah tí mo dárúkọ yẹn, ní Bẹ̀nẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, Yorùbá pọ̀ lára àwọn tí wọ́n tà níbẹ̀. Kossola jẹ́ ọ̀kan. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ló ja ìlú ẹ̀, wọ́n tà á ní 1860, inú ọkọ̀ Clotilda ni wọ́n kó òun àti àwọn èèyàn bí 110 sí lọ sí Alabama, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Àwọn tó kó wọn wá fi iná sun ọkọ̀ yẹn kí wọ́n má bàa mú wọn, 2019 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àwókù ẹ̀ ni wọ́n rí nínú odò. Kossola ò kú títí di 1935, ó sì sọ tẹnu ẹ̀ fún àwọn tó wá bá a. Ǹjẹ́ ó ní òyìnbó ló wá mú òun nínú ilé? Ó ní Dàhòmì ni. Ẹni tí wọ́n tà ò gbàgbé ẹni tó tà á. Ní 1999 ni ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, Mathieu Kérékou, dìde tọrọ àforíjì pé àwa náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀, ní 2024 wọ́n wá ṣòfin pé ẹni tí wọ́n bá kó baba ńlá ẹ̀ lọ lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà lè di ọmọ onílùú. Ẹ rí bí wọ́n ṣe tò ó: wọ́n jẹ́wọ́ ná, kí wọ́n tó ní kí wọ́n máa bọ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí Amẹ́ríkà. Àwọn oko ńlá tí àwọn ẹrú ti gbin òwú àti ìrèké, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe ìgbéyàwó, ẹ ẹ̀ rí i pé ayé yìí le, wọ́n ń gé kéèkì níbi tí wọ́n ti na bàbá ẹlòmíì. Wọ́n á mú àlejò yí ilé ọ̀gá po, wọ́n á fi àga àti abọ́ ẹ̀ hàn án, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ ẹni tó ń fọ abọ́. Ṣùgbọ́n Whitney wà ní Louisiana, agbẹjọ́rò òyìnbó kan ló ra oko yẹn tó fi owó ara ẹ̀ tún un ṣe, wọ́n ṣí i ní December 2014, orúkọ àwọn ẹrú ló wà lára ògiri níbẹ̀, ti ẹrú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn sì ń lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ní òótọ́ á lé oníbàárà lọ, ẹ rán an lọ sí Whitney.

Ó tó, ká padà wálé

Ẹ jẹ́ n bi yín. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Èkìtì nígbà ogun Kírìjì, ibo ni wọ́n kó wọn lọ? Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní Amẹ́ríkà. Rárá o! Ogun Kírìjì, nǹkan bí 1877 sí 1878 la máa ń kà á sí pé ó bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ẹrú ò rìn mọ́ ní etíkun wa nígbà yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Èkó ní 1851, wọ́n ti gbà á pátápátá ní 1861. Àwọn tó dé Brazil àti Cuba nínú àwọn èèyàn wa, wọ́n ti lọ ṣáájú, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan. Àwọn ti àsìkò Kírìjì àti ti àwọn ọdún tó ṣáájú ẹ̀, oko Ìbàdàn ni wọ́n kó wọn lọ, oko Ìjẹ̀bú, oko Ẹ̀gbá. Wọ́n ń gbin oúnjẹ tí ọmọ ogun ń jẹ, wọ́n ń ru epo pupa lọ sí etí ọ̀sà, òyìnbó tó ní òun ò ra èèyàn mọ́, epo ló ń rà, orí ta ni epo yẹn gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀? Àwọn ọkùnrin míì di ọmọ ogun fún ẹni tó mú wọn, àwọn obìnrin di ìyàwó nínú agbo ilé tí wọn ò yàn.

Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá lọ gbé pátákó sí Òkè-Ìmẹ̀sí pé láti ibí ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ ogun Kírìjì lọ sínú ọkọ̀, irọ́ ló ń pa, bó ti wù kí pátákó yẹn dán tó. Ìtàn ẹrú tiwa, orí ilẹ̀ níbí ló ti ṣẹlẹ̀ jù, láàárín èèyàn tó ń sọ èdè kan náà. Ìyẹn ló jẹ́ kó nira láti sọ. Kò sí òyìnbó tí a máa tọ́ka sí.

Ẹ mọ ti Fábùnmi. Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú wa, àwọn ajẹ́lẹ̀ yìí ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ń ṣe ohun tó wù wọ́n nínú ilé onílé, títí Fábùnmi fi dìde ní Òkè-Ìmẹ̀sí ní 1878 tó pa ajẹ́lẹ̀. Èkìtì para pọ̀, Ìjẹ̀ṣà dara pọ̀, Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé ṣáájú, wọ́n jà títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 23 September 1886, ibùdó ogun náà ò sì tú ká tán títí di 1893. Gbogbo ọmọ Èkìtì mọ ìyẹn, a sì ń yangàn.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ìtàn yẹn tí a kì í sọ tó. Ta ló ra àwọn ìbọn ìgbàlódé tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi jà? Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó ni, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ta wá ni àwọn yẹn? Sàró pọ̀ nínú wọn. Àwọn tí wọ́n ti tà, tàbí tí wọ́n ta òbí wọn, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun tó sì kó wọn lọ sí Freetown, tí wọ́n tún padà wá sí Èkó, wọ́n ríṣẹ́, wọ́n lówó, wọn ò gbàgbé ilé. Ẹ jẹ́ kó yé yín o, ẹrú ló ra ìbọn tí onílé fi gba ara ẹ̀ sílẹ̀! Lẹ́yìn ogun náà, nínú ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, àwọn tó ti lọ ṣe ẹrú lókèèrè tí wọ́n padà bọ̀ ló kọ́kọ́ gbé Bíbélì wọlé, wọ́n ti kọ́ ọ ní ibi tí wọ́n há wọn mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń ná owó sí láti fi rú òrùlé tuntun yẹn, ẹ bi wọ́n léèrè ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Tí mo bá jẹ́ ẹni tó ń kọ́ mùsíọ́mù, yàrá tí mo máa kọ́kọ́ kọ́ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó le la dé yìí, kí ẹ má bínú

Ṣé àwa nìkan ni wọ́n kó? Àwa náà kó èèyàn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé tí à ń kọrin ẹ̀ yìí, kí Kírìjì tó dé, ó ti ja àwọn ìlú káàkiri, ó dé Àkókó, ó kó wọn lẹ́rú. Adúlójú tiwa níbí, ní Adó yìí, akọni ni, mi ò ní gba iyì ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, òun náà jagun kó èèyàn. Àwọn ará Àkókó ní ìtàn tiwọn nípa wa, ẹ lọ bi wọ́n kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, tiwa yìí ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ó ṣì ń jóni.

Èmi fúnra mi, baba ńlá mi wà nínú àwọn ọmọ ogun yẹn. Obìnrin kan wà nínú agbo ilé wa nígbà tí màmá bàbá mi wà lọ́mọdé, láti ojú ogun ni wọ́n ti mú un bọ̀, ó bímọ níbẹ̀, ó dàgbà níbẹ̀, ibẹ̀ ló kú sí. Mo bi màmá àgbà pé kí lorúkọ ìlú tí wọ́n ti mú un wá? Wọ́n ní, "A ò bi í." Mo ní ṣé kò sọ ọ́ rí ni? Wọ́n ní, "A ò bi í." Wọ́n sì bá iṣẹ́ wọn lọ, ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó. Ẹ̀yin àgbà mọ òwe yẹn: ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá ẹ̀. A mọ òwe yẹn láti kékeré o, a ò kàn bi obìnrin yẹn ni.

Àwọn ọmọ obìnrin yẹn ti di èèyàn ńlá. Ẹbí mi ni wọ́n, a jọ ń pín ẹran ni. Ṣé kí n wá mú àlejò wá sẹ́nu ọ̀nà wọn kí n ní ilé ọmọ ẹrú nìyí, ẹ ya fótò? Láéláé! Ẹ ẹ̀ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe nínú ìlú? Ìgbéyàwó ti bàjẹ́ torí ẹ̀, oyè ti bọ́ lọ́wọ́ èèyàn torí ẹ̀, nínú ayé wa yìí, kì í ṣe ayé àtijọ́. Àwọn tó bá sì wà ní ìdí ìwọ̀fà, tí bàbá wọn fi wọ́n yáwó, títí ìgbà ìjọba òyìnbó la ṣì ń rí wọn, àwọn náà ní ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun.

Èrò tèmi rèé, ẹni tó bá ní òmíì kó mú un wá: orúkọ ẹni tó tà ni ká kọ sára ògiri. Orúkọ ẹni tí wọ́n tà, ọmọ ẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ tàbí kó má sọ ọ́. Ohun tí à ń ṣe ní Èkìtì títí di òní ni òdì kejì ẹ̀ gan-an, a ń fi ère ṣẹ̀yẹ fún ẹni tó kó èèyàn, a ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n kó wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ilé. Kí ère dúró o, mi ò ní kí wọ́n wó ère ẹnikẹ́ni, ká kọ gbogbo ohun tó ṣe sí abẹ́ ẹ̀ ni.

Ẹni tó máa wá ti wà lọ́nà

Àwọn kan á ní ṣebí mo ní tiwa ò ní òkun nínú, ta ló wá máa ti òkè òkun wá wò ó? Ẹ gbọ́. Ní Salvador, ní Brazil, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní Oloroquê, àwọn tó ń sìn níbẹ̀ ní orílẹ̀ àwọn ni Efon. Ẹ̀fọ̀n wo? Ẹ̀fọ̀n Alààyè, tó wà lórí òkè níbí, tí bọ́ọ̀sì ò ní pẹ́ gbé yín dé. Òrìṣà òkè yẹn ló bá wọn sọdá. Ìlù kan sì wà níbẹ̀ tí gbogbo Brazil mọ̀ sí ijexá, Ìjẹ̀ṣà aládùúgbò wa ni. Ojú ogun tí wọ́n ti mú àwọn ẹni àkọ́kọ́ yẹn, èbúté tí wọ́n ti tà wọ́n, ẹni tó gbowó, gbogbo ẹ̀ ti wọmi. Orúkọ ìlú ò wọmi.

Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá bọ́ sílẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, kí la máa fi hàn án? Ṣé a máa kó àwọn ọmọdé jọ, ká so ẹ̀wọ̀n mọ́ wọn lọ́rùn kí wọ́n máa ké? Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, ọmọ tó wọ ẹ̀wọ̀n ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Ẹ má dán an wò. Ẹ mú un gun òkè, kó rí òrìṣà tí ìyá ìyá ẹ̀ sọ fún un, kó jókòó ti àwọn àwòrò, kó jẹun nílé èèyàn. Tó bá wá bi ìbéèrè ẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dá a lóhùn, láìwolẹ̀, láìwòkè.

Ẹni tó máa dá a lóhùn yẹn la ò tíì ní. Ìjọba yọ ìtàn kúrò nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa láti nǹkan bí 2009, ọdún gọbọi kọjá kí wọ́n tó ronú pé kó padà, àwọn ọmọ tó bọ́ sí àárín ìgbà yẹn ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gáìdì báyìí, kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Wọ́n á lọ wò ó lórí fóònù. Kí ìjọba tó fi owó ra ọ̀dà, kí wọ́n fi owó kọ́ gáìdì. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, kó dúró sí ìlú tó ni ìtàn, kí àwọn ìyá tó ń gúnyán ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rí nínú ẹ̀, kì í ṣe kí gbogbo ẹ̀ wọ ọ́fíìsì kan nílùú ńlá. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Èkìtì ò gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀, mi ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

Èyí tó kánjú jù nínú gbogbo ohun tí mo sọ ni ti àwọn àgbà. Àwọn tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún lára wa, wọ́n gbé pẹ̀lú èèyàn tó gbé pẹ̀lú ẹni tó fojú rí ogun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn yìí, kí ẹ̀wù ọdún tó gba gbogbo owó yín, ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ má bi wọ́n pé ta ni ẹrú. Ẹ bi wọ́n pé ogun wo ló dé ibí, ta ló kó o wá, ta ni kò padà wálé, ta ló padà, kí ló gbé bọ̀. Ẹ gbà á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú èdè Èkìtì wọn, ẹ má ṣe yí i sí ti ìwé ìròyìn. Tẹ́ ẹ bá kó o jọ, ọ̀dọ̀ kábíyèsí ìlú yín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, torí àwọn ọ̀rọ̀ kan á wà níbẹ̀ tí ẹbí gbọ́dọ̀ jókòó lé lórí kó tó jáde.

Wọ́n ti ń nawọ́ aago sí mi. Ẹ jẹ́ ká gba ìbéèrè. Ìyá tó wọ aṣọ òfì yẹn ti nawọ́ látìgbà tí mo ti dárúkọ Adúlójú, ojú wọn ò sì dùn sí mi. Ẹ fún wọn ní máíkì.